Igi-Ló-Wọ́ àti Àga Ìwàásù Tó Ń Dáhùn

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí Igi-Ló-Wọ́ jẹ́, kó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n gbé àga ìwàásù dé ẹnu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Ibẹ̀ ni gbogbo èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀. Títí di òní olónìí, bí ọmọbìnrin rẹ̀ tó jẹ́ aránṣọ bá ń gé aṣọ lọ́wọ́, tí oníbàárà kan tó mọ bàbá náà bá wọlé, kì í pẹ́ kí onítọ̀hún tó sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún sọ ti àga ìwàásù yẹn." Ọmọbìnrin náà á fi sísọ́ọ̀sì lélẹ̀. Kì í rẹ̀ ẹ́ láti sọ ọ́, nítorí bó bá ti ń sọ ọ́, ṣe ló máa ń dà bíi pé bàbá òun ṣì wà ní ìsọ̀ rẹ̀ níbi tó ti ń bá pákó jà.

Ọjọ́ Sátidé ni. Ọkùnrin mẹ́jọ ló gbé àga náà láti ìsọ̀ káfíńtà wá. Àga gíga ni, ó ní àtẹ̀gùn mẹ́ta, ìdí rẹ̀ sì dà bí àpótí ńlá tí wọ́n fi ìṣó kàn pa yí ká. Òógùn bo àwọn tó gbé e. Bí wọ́n bá ti gbé ẹsẹ̀ báyìí, nǹkan kan á dún nínú ìdí àga náà, kọ̀, kọ̀, kọ̀.

"Bàbá Káfíńtà," ọ̀kan nínú wọn sọ, "nǹkan ń yí nínú àga yìí o."

"Igi tútù ló ń mí," ni Igi-Ló-Wọ́ dá a lóhùn. "Ṣé ìwọ náà kì í mí ni?"

Wọ́n dé ẹnu ilẹ̀kùn. Wọ́n gbé e síwájú, kò wọlé. Wọ́n yí i sí ẹ̀gbẹ́, kò wọlé. Wọ́n fà sẹ́yìn bí ẹni tó fẹ́ fo kòtò, wọ́n tún gbé e wá, ó há gádígádí mọ́ férémù. Igi-Ló-Wọ́ ti ọwọ́ bọ àpò kó yọ rúlà rẹ̀ bó ti mọ́ ọn lára, kò bá a níbẹ̀. Ó wá fi ìka ọwọ́ wọn ẹnu ilẹ̀kùn náà láti òkè dé ilẹ̀, ó mi orí, ó kọjú sí àwọn àgbà ìjọ.

"Ta ni òmùgọ̀ tó ṣe ilẹ̀kùn tóóró yìí?"

Pásítọ̀ nìkan ló láyà láti dáhùn. "Ẹ̀yin ni, Bàbá."

Kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. "Nígbà tí mo ṣe é," ó ní, "ó fẹ̀ ju báyìí lọ. Igi ló wọ́."

Lọ́jọ́ kejì, inú oòrùn ni ìjọ jókòó sí, iwájú ṣọ́ọ̀ṣì ni pásítọ̀ ti wàásù. Nígbà tó di ọjọ́ Mọ́ńdè, Igi-Ló-Wọ́ mú ayùn wá, ó gé férémù ilẹ̀kùn náà kúrò, ó sì ṣe òmíràn tó fẹ̀ tó ìdajì rẹ̀ sí i. "Ìjọ tó ń retí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkàn," ó sọ fún àwọn àgbà, "ṣé irú ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ yẹn ló yẹ ẹ́?" Kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, wọ́n ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ti parí àga náà níwọ̀n tó yẹ tẹ́lẹ̀, pé ìgbà tó ku ọ̀la kí wọ́n gbé e ni òun rò pé ó tín-ín-rín jù, tí òun wá kan pákó kún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ojú lásán ló fi wọ̀n ọ́n, nítorí kò rí rúlà rẹ̀ mọ́.

Bó ṣe ń ṣe nìyẹn, orúkọ tí wọ́n sì fi pè é nìyẹn. Bí àpótí kò bá pa dé, igi ló wọ́. Bí àga bá gbé èèyàn ṣubú, igi ló wọ́, àfi tó bá jẹ́ pé ẹni tó jókòó ló wọ́. Ọkùnrin kúkúrú tí apá rẹ̀ le ni, pẹ́ńsù kì í sì kúrò létí rẹ̀. Ó wà létí rẹ̀ nínú fọ́tò ìgbéyàwó wọn. Ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ pé nígbà tí ọkọ òun tẹ̀ síwájú láti fẹnu ko òun lẹ́nu lọ́jọ́ náà, pẹ́ńsù ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ òun.

Nọ́ọ̀sì kan wà ládùúgbò tó ra tábìlì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lò ó fún ọjọ́ mẹ́ta, ó padà wá.

"Bàbá Káfíńtà, tábìlì yín ń mì. Bí mo bá gbé tíì lé e, á dà."

Igi-Ló-Wọ́ mú irin rẹ̀ tó ní omi nínú gíláàsì, èyí tí àwọn káfíńtà fi ń mọ̀ bóyá nǹkan dúró déédéé, ó bá nọ́ọ̀sì lọ sílé. Kò gbé e lé tábìlì rárá. Ilẹ̀ ló gbé e lé. Ó dojú bolẹ̀, ó fojú kan ṣoṣo wò ó títí.

"Mo ti rí ọ̀daràn," ó ní. "Ilẹ̀ ilé yín ni."

"Ilẹ̀ ti wà kí tábìlì tó dé, Bàbá. Àga mẹ́rin ló sì wà lórí rẹ̀ tí ìkankan nínú wọn kì í mì."

"Àwọn yẹn ti bá ilẹ̀ gbìmọ̀ ni. Tábìlì tó tọ́ ló ń fi ilẹ̀ tó wọ́ hàn. Ohun tí ìwàásù náà ń ṣe nìyẹn." Ó gbé irin rẹ̀, ó lọ. Nọ́ọ̀sì ká bébà, ó fi sábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì náà, bébà yẹn sì wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Onígbàgbọ́ ni o. Kì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ, àga iwájú pátápátá ló sì máa ń jókòó sí. Ṣùgbọ́n bí pásítọ̀ bá ní kí olúkúlùkù kúnlẹ̀ kó jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fún Ọlọ́run ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, kí àwọn ará tó kúnlẹ̀ tán, Igi-Ló-Wọ́ ti padà jókòó.

"Ẹ ti parí?" ni ìyàwó rẹ̀ á bi í wúyẹ́wúyẹ́ láti orí eékún.

"Kí ló kù? Mo ní bó bá rí nǹkan kan, kó dárí ẹ̀ jì mí."

Á wá jókòó síbẹ̀, á máa wo ẹ̀yìn àwọn tó kúnlẹ̀. Tí wọ́n bá ń lọ sílé, á sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Ṣé o rí akọ̀wé ìjọ lónìí? Ó pẹ́ lórí eékún ju ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ. Nǹkan wà níbẹ̀." Ìgbà kan tiẹ̀ wà tó dìde ní ìpàdé àdúrà láti jẹ́rìí. Ó ní òun ti béèrè ìrẹ̀lẹ̀ lọ́wọ́ Ọlọ́run, Ọlọ́run sì ti fún òun. "Bí a bá fẹ́ sọ òtítọ́," ó ní, "nínú ìjọ yìí, kò sí ẹni tó lè bá mi du ìrẹ̀lẹ̀."

Èèyàn lè rẹ́rìn-ín sí gbogbo ìyẹn, ọmọbìnrin rẹ̀ náà a sì máa rẹ́rìn-ín báyìí. Ṣùgbọ́n ẹni tí kì í jẹ̀bi, ẹlòmíràn ló máa ń bá a ru ẹ̀bi rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tí wọ́n gbé àga ìwàásù wọlé, ẹrù náà já lé ọmọ rẹ̀ lórí.

Rúlà tí kò rí yẹn kì í ṣe rúlà lásán. Ti bàbá rẹ̀ ni. Onígi ni, ó ṣeé ká sí ọ̀nà mẹ́rin, idẹ ni wọ́n fi so oríkèé rẹ̀. Ó tú ìsọ̀ kiri títí di ọjọ́ Wẹ́sìdeè, kò rí i. Ọmọbìnrin rẹ̀ jẹ́ ẹni ọdún méjìlélógún nígbà náà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán tán, igun kan nínú ìsọ̀ bàbá rẹ̀ ló gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sí. Oníbàárà mẹ́ta ló wà níkàlẹ̀ lọ́jọ́ tí bàbá náà dúró lé e lórí.

"Mú rúlà mi wá."

"Mi ò mú un, Bàámi. Mo ní téèpù tèmi."

"Ìwọ lo fi ń wọn aṣọ. O ti sọ ọ́ nù, ẹ̀rù wá ń bà ọ́."

"Bàámi, mi ò fọwọ́ kàn án."

"Ṣé rúlà ní ẹsẹ̀ ni? Ṣé ó rìn lọ ni? Mo bí olè, mo tún bí òpùrọ́, lábẹ́ òrùlé kan náà!"

Àwọn oníbàárà wo ilẹ̀. Ọmọbìnrin náà palẹ̀ aṣọ àwọn èèyàn mọ́, ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lé orí, ó sì lọ sí ilé nọ́ọ̀sì, ẹni tó fún un ní yàrá ẹ̀yìn. Kò padà mọ́. Nígbà tí ìyá rẹ̀ bẹ bàbá náà pé kó lọ pe ọmọ rẹ̀ wá sílé, èsì tó fún un ni pé, "Bí mo bá jẹ̀bi, màá lọ bẹ̀ ẹ́. Ṣé o ti rí i kí n jẹ̀bi rí?"

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, pásítọ̀ gun àga ìwàásù tuntun náà fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ilé. Pásítọ̀ yìí ní ìwà kan. Bó bá ti pe "Ẹ ronúpìwàdà!", á sọ ọwọ́ lu àga, gbì! Ó pè é, ó lù ú. Láti inú ìdí àga náà, nǹkan kan dáhùn, kọ̀. Lójú ẹsẹ̀, Igi-Ló-Wọ́ tó wà níwájú bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ bí ẹni tí omi pá lórí.

Ó di àṣà. Gbì, kọ̀, ikọ́. Ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ọdún dé ọdún. Pásítọ̀ náà wá mọ̀ ọ́n lára, bó bá ti lu àga tán, á dúró kí Bàbá Káfíńtà wúkọ́ tán kó tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Nọ́ọ̀sì kò lè mú un mọ́ra.

"Bàbá, ṣé ẹ máa ń wúkọ́ nílé?"

"Rárá o. Ọjọ́ Ìsinmi nìkan."

"Kí ló máa ń fà á?"

Ó ronú díẹ̀. "Ìwàásù," ó ní.

Nọ́ọ̀sì fún un ní oògùn ikọ́. Ó mu ún. Ó mu ún fún ọdún mẹ́sàn-án, ìgò lórí ìgò, oògùn kíkorò tí kò ní iṣẹ́ kan láti ṣe lára rẹ̀. Nígbà tí àwọn àgbà ìjọ sì sọ pé kí àwọn ṣí ìdí àga náà wò, kí àwọn mọ ohun tó ń dún níbẹ̀, ó fò dìde. "Ṣé ìkòkò ọbẹ̀ ni, tí ẹ fẹ́ ṣí i wò? Igi ló wọ́. Ẹ fi igi sílẹ̀."

Ìjókòó ìgbẹ̀yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ni ọmọbìnrin rẹ̀ máa ń jókòó sí ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Ó máa ń gbọ́ ikọ́ bàbá rẹ̀, á sì máa ṣe é bíi kó dìde lọ fún un lómi. Kì í dìde. Bí àwọn ará bá ń kí ara wọn, bàbá náà á yí ọrùn wo ẹ̀yìn, ọmọ á sì máa wo bàtà ara rẹ̀. Kí wọ́n tó ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán, ó ti jáde.

Ohun kan ṣoṣo ló ń retí. Kò fẹ́ kó kúnlẹ̀, kò fẹ́ kó sunkún. Ó kàn fẹ́ gbọ́ ọ láti ẹnu rẹ̀ pé, "Ọmọ mi, mo ṣì ọ́ mú." Ọ̀rọ̀ náà kò dé, nǹkan mìíràn ló ń dé. Nígbà tó gba ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ tó kọjú sí ibùdó ọkọ̀, ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù náà máa ń ha ilẹ̀. Ó dé ibẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ilẹ̀kùn kò ha ilẹ̀ mọ́. Bẹ́ǹṣì ìta tó ti yẹ̀ dúró ṣánṣán lọ́jọ́ mìíràn. Kò sí ẹnì kan níbẹ̀, àfi èérún igi díẹ̀ nílẹ̀. Ó mọ ọwọ́ tó ṣe é. Ó gbá èérún náà, kò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ní ọdún kẹrin, tábìlì ìgéṣọ dé. Ọmọlanke ló gbé e wá. Tábìlì gígùn, ó dán bí awo, etí rẹ̀ rí róbótó kí aṣọ má bàa há. Irú rẹ̀ gan-an ni ọmọbìnrin náà ti ń fojú inú rí láti ìgbà tó ti ń kọ́ṣẹ́. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn náà ló bojú wo ọlọ́mọlanke.

"Ṣé wọ́n rán yín ní iṣẹ́ kankan?"

"Wọ́n ní kí n gbé e wá ni."

"Wọn ò sọ nǹkan kan?"

"Wọn ò sọ nǹkan kan, Àǹtí."

"Ẹ gbé e padà. Ẹ sọ fún wọn pé ẹsẹ̀ ẹ̀ kan kúrú."

Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kúrú. Ó mọ̀ pé kò kúrú. Ó sọ ọ́ nítorí ó mọ̀ pé kò sí ọ̀rọ̀ tó lè dun bàbá òun tó ìyẹn. Ìyá rẹ̀ ló wá sọ fún un lẹ́yìn náà pé bàbá rẹ̀ dojú tábìlì náà dé, ó ń wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kò jẹun. Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́ ọ. Nígbà tí ìyá rẹ̀ lọ tán, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ọdún kẹsàn-án ni ikọ́ tí bàbá náà fi ń ṣeré di ikọ́ tòótọ́. Ó ń wúkọ́ nílé, ó ń wúkọ́ ní ìsọ̀, ó ń wúkọ́ lọ́jọ́ Túsìdeè tí kò sí ìwàásù kankan. Nọ́ọ̀sì gbé irin tó fi ń gbọ́ èémí lé e láyà, ó gbọ́ ọ títí. "Bàbá," ó ní, "èyí kì í ṣe ti ìwàásù mọ́." Ó rán wọn lọ sí ọsibítù. Àwọn dókítà kò fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún wọn: àyà rẹ̀ kò ní lè gbé e jìnnà mọ́.

Ìyá wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì tí ọkọ rẹ̀ tún ṣe.

"Ara bàbá ẹ ò yá. Ó ní kí n má sọ fún ẹ."

"Ṣé wọ́n ní kí n wá?"

"Wọn ò ní kí o wá."

"Ṣé wọ́n sọ pé àwọn ṣì mí mú?"

Ìyá wò ó títí. "Ẹni bíni là á jọ," ó ní. "Ọ̀kan ò lè sọ̀rọ̀, èkejì ò lè gbàgbé ọ̀rọ̀. Èmi ni mo wà láàárín yín." Ó dìde, ó lọ. Ọmọbìnrin náà rán aṣọ kan náà lódìlódì lẹ́ẹ̀mejì lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, pásítọ̀ sọ̀rọ̀ lórí àwọn ọkùnrin méjì tó lọ gbàdúrà, tí ọ̀kan ń ka iṣẹ́ rere rẹ̀ fún Ọlọ́run, tí èkejì kò lè gbójú sókè. Igi-Ló-Wọ́ wà níwájú, ẹ̀wù rẹ̀ ti fẹ̀ jù fún un, pẹ́ńsù wà létí rẹ̀. Pásítọ̀ gbọ́wọ́ sókè. "Ẹ ronúpìwàdà!" Gbì! Láti inú àga, kọ̀.

Pásítọ̀ dúró de ikọ́. Gbogbo ìjọ dúró. Ikọ́ kò dé.

Igi-Ló-Wọ́ dìde. Ó ti ọwọ́ bọ inú ẹ̀wù rẹ̀, ó yọ òòlù. Ó rìn lọ sí ìdí àga ìwàásù.

"Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀."

"Bàbá, ìwàásù ò tíì parí o."

"Mo mọ̀. Èmi ti gbọ́ tèmi."

Pásítọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Igi-Ló-Wọ́ fọwọ́ ti àtẹ̀gùn, ó kúnlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, eékún kan lẹ́yìn èkejì, ó sì fi ẹ̀yìn òòlù bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìṣó. Ìṣó márùn-ún ni. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ké bí wọ́n ṣe ń jáde. Ní ìkẹta, ó dúró mí. "Mo mà kan ìṣó yìí dáadáa o," ó sọ, kò sì sí ẹni tó mọ̀ bóyá Ọlọ́run ló ń sọ fún. Pákó náà ṣí. Ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ dé èjìká, ó sì fa rúlà onígi kan jáde, tí eruku ti bò ó, tí idẹ rẹ̀ ti dúdú. Ó gbé e sókè kí gbogbo wọn lè rí i.

"Rúlà mi rèé," ó ní. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, ṣùgbọ́n ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá gbọ́ ọ. "Èmi ni mo gbàgbé ẹ̀ sínú àga yìí, tí mo kàn án pa. Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ tí Pásítọ̀ lù ú ni mo ti mọ̀ ọ́n, nítorí mo mọ ohùn ẹ̀. Mo ti pe ọmọ mi lólè nígbà yẹn. Kò jí nǹkan kan. Mo pè é ní òpùrọ́. Èmi ni òpùrọ́. Mo fi ikọ́ bò ó fún ọdún mẹ́sàn-án, mo sì mu oògùn Nọ́ọ̀sì lásán." Ó wo rúlà náà. "Igi ò wọ́. Èmi ni mo wọ́."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ọmọbìnrin rẹ̀ ti dìde. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ń to ohun tó máa sọ fún un lọ́jọ́ tí ọjọ́ náà bá dé, ọ̀rọ̀ gígùn tó ní orí àti ìdí. Gbogbo rẹ̀ fò lọ. Ó rìn gba àárín ìjọ kọjá, ó dé ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ tó ṣì wà lórí eékún, ó rí bí ọrùn rẹ̀ ti tín-ín-rín tó nínú ọrùn ẹ̀wù.

"Dárí jì mí, ọmọ mi," ni bàbá náà wí.

"Mo ti dárí jì yín, Bàámi. Ẹ dìde."

Kò dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàámi, ó ti tó. Mo ní mo ti dárí jì yín tọkàntọkàn. Ẹ dìde."

"Mo ti gbọ́, o ṣé," ó sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Eékún ló há. Fà mí sókè."

Ẹ̀rín sọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹkún sì wà nínú rẹ̀. Òun àti pásítọ̀ ló jọ gbé e dìde. Bó ti ń fa ọwọ́ rẹ̀ kọ́ ara rẹ̀ lọ́rùn, ọmọbìnrin náà rí i pé òun náà ní ìṣó tirẹ̀ láti fà.

"Bàámi, tábìlì yẹn."

"Tábìlì wo?" Ó mọ tábìlì tó ń wí.

"Ẹsẹ̀ ẹ̀ ò kúrú. Mo purọ́ mọ́ ọn ni, kó lè dùn yín. Ẹ dárí jì mí."

"Mo mọ̀ pé kò kúrú. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo wọ̀n ọ́n." Ó mí díẹ̀. "Ṣùgbọ́n mo ní bó ti dùn mí yẹn, bẹ́ẹ̀ ni tìẹ náà á ti dùn ọ́. Ìyẹn ni mi ò ṣe jẹun."

Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n ní lẹ́yìn ìyẹn. Tábìlì náà dé ṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ Mọ́ńdè, bàbá náà sì tẹ̀ lé e, ó ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́. Bí oníbàárà bá ní aṣọ há òun láyà, á dá sí i. "Aṣọ ò kéré. Ẹ̀yin lẹ sanra."

"Bàámi!"

"Ó dáa, ó dáa. A máa tú u." Á wá fi ohùn ẹni tó ń kọ́ èdè tuntun sọ pé, "Ẹ̀bi wa ni." Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn lẹ́nu tán, kò tún ṣeé dá dúró mọ́. Ó lọ sílé nọ́ọ̀sì, ó yọ bébà kúrò lábẹ́ tábìlì, ó lẹ igi pẹlẹbẹ kan mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì wo ilẹ̀. "Ilẹ̀ yìí ò jẹ̀bi," ó ní, "ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́." Ó kiri ilé àwọn oníbàárà àtijọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó dé, ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé bí a bá fẹ́ sọ òtítọ́, kò sí ẹni tó lè bá òun du ìrònúpìwàdà nínú ìjọ yẹn.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìjókòó iwájú ni ọmọbìnrin náà wá ń jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Rúlà ti kúrò nínú àga, ṣùgbọ́n bàbá náà kò fi ikọ́ sílẹ̀. Pásítọ̀ á lu àga, gbì, Igi-Ló-Wọ́ á sì wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó mọ́ tónítóní. "Kí n má bàa gbàgbé ni," ó máa ń sọ.

Nígbà tó kú, ẹni mẹ́jọ ló gbé e wọ ṣọ́ọ̀ṣì, mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì. Wọ́n wọlé láìyà sẹ́gbẹ̀ẹ́, láìforí kan férémù. Ilẹ̀kùn náà fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ rí i, ó sì rẹ́rìn-ín nínú omijé, nítorí ó mọ ohun tí bàbá òun ì bá sọ: pé nítorí ọjọ́ yìí ni òun ṣe gé e.

Rúlà náà wà lórí tábìlì ìgéṣọ. Òun ni ọmọbìnrin náà fi ń wọn aṣọ, bí wọ́n ti fẹ̀sùn rẹ̀ kàn án nígbà náà lọ́hùn-ún. Nígbà mìíràn á ká a, á tú u, á tún ká a, láìní aṣọ kankan lọ́wọ́, kó kàn lè gbọ́ bí oríkèé idẹ yẹn ṣe ń dún. Àárò bàbá rẹ̀ ń sọ ọ́. Ọdún mẹ́sàn-án tó fi jókòó sẹ́yìn ń dùn ún jù. Ó ti bẹ Ọlọ́run lórí rẹ̀, ó sì gbà pé ó ti dárí jì í, ṣùgbọ́n ì bá fi tábìlì náà àti gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ gba ọjọ́ Ìsinmi kan ṣoṣo padà nínú wọn.

Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìsìnkú, ó lọ jókòó síwájú, ó fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ihò ìdí àga ìwàásù ṣì wà ní ṣíṣí, òun ló ní kí wọ́n má dí i. Pásítọ̀ dé ibi tó máa ń dé. "Ẹ ronúpìwàdà!" Ó gbọ́wọ́ sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Gbì!

Ó dúró, bí ọdún mẹ́wàá ti kọ́ ọ láti máa dúró. Ìjọ dúró. Kò sí ohun tó dáhùn nínú àga, kò sí ohun tó dáhùn níwájú. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà ń gùn, pásítọ̀ kò sì mọ bó ṣe máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

Ọmọbìnrin náà gbé ọwọ́ bo ẹnu, ó sì wúkọ́.